Ọ̀dà Pupa Lára Àwo Tísà

Nígbà tí mo dé iwájú ilé Màmá Ẹlẹ́kọ ní Idogun, tí mo gbé alùpùpù ìjọba tí wọ́n fún mi dúró, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá náà ṣe ni pé ó fi ara bo ìkòkò rẹ̀. Ó na apá méjèèjì bí àgbébọ̀ adìyẹ tó rí àṣá.

"Mo ti gbá ibí yìí láàárọ̀, Ìyá Wolé-wolé," ló wí. "Mo ti fọ gbogbo abọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ẹ̀kọ mi nù."

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ̀kọ kọ́ ni mo bá wá."

Kò gbà mí gbọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ta ni yóò rí wolé-wolé nínú aṣọ kakí tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀? Èmi tí mo wọ aṣọ náà gan-an, ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi wá ṣe nínú ilé yẹn, n kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti di òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó.

Ọdún 1984 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní Ọ̀wọ̀ níbi tí wọ́n bí mi sí. Obìnrin kò pọ̀ nínú wa nígbà náà. Iṣẹ́ wa ni pé ká wọ ilé onílé, ká wo kànga, ká wo ṣáláńgá, ká wo ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ká sì tọ́ka sí ohun tó lè fa àìsàn kí àìsàn náà tó dé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ wá ni ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ọbẹ̀ tí a ń dà nù. Ìyá mi, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe, yóò sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀gá Ajíbádé ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Àkókó ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ní oṣù àkọ́kọ́ mi, mo rí eṣinṣin méjì lórí ìdérí ìkòkò obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Benin. Mo da ọbẹ̀ rẹ̀ nù pátá lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, ṣe ni mo ń rìn bí ẹni tó ṣẹ́gun.

"Níbo ló ti ń pọn omi?" Ọ̀gá bi mí.

"N kò béèrè, sà."

"Ṣáláńgá àdúgbò rẹ̀ ńkọ́, níbo ló wà?"

"N kò wò ó, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "O da ọbẹ̀ nù, o fi àìsàn sílẹ̀. Padà lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo padà lọ. Kànga tí obìnrin náà ń pọn kò jìnnà sí ṣáláńgá aládùúgbò rẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ. Bí mo bá ń da ọbẹ̀ rẹ̀ nù lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, omi yẹn náà ni yóò ṣì máa fi sè é. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ti wọ̀ mí lára. Idogun ló fi hàn mí pé kò tíì wọ̀ mí tó bí mo ṣe rò.

Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Wọ́n ti gbé mi lọ sí agbègbè Ọ̀sẹ̀, alùpùpù ni mo fi ń ti ìlú kan dé òmíràn, mo ti dá apá, mo ti bọ́ sí kòtò, àwọn àgbẹ̀ tó bá pàdé mi lọ́nà a sì máa dúró wo obìnrin tó ń gun alùpùpù bí ẹni ń wo ẹranko àjèjì. Ní ọjọ́ kan, Sístà Bọ́lá ránṣẹ́ pè mí. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà la sì jọ lọ. Ó pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Mo ní aláìsàn kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí," ló wí. "Tísà ni, ọmọ Idogun. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń gbé e wá. A ó fa omi sí i lára, a ó fún un lóògùn, yóò dá. Ṣùgbọ́n bó bá délé tí kò pẹ́, wọ́n á tún gbé e dé. Ìgbà kẹta rèé."

"Kí ló ń ṣe é gan-an?"

"Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ fún ọ. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Nígbà náà, oògùn tí àwọn ènìyàn ń lò lónìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ kàn pe éèdì nínú ọ̀pọ̀ èrò, kẹ́ ẹ sì wo bí wọn yóò ṣe túká. Kí n má purọ́, èmi náà wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mo ń rántí ohun gbogbo tí mo ti fọwọ́ kàn nínú ilé ìwòsàn náà.

Sístà Bọ́lá rí mi. Ó ní, "Kì í gba ara ọwọ́ ranni, kì í sì í gba inú abọ́. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kòkòrò yìí ń pa àwọn ọmọ ogun inú ara ni. Omi tí ìwọ lè mu, kí inú kàn run ọ́ díẹ̀, ó lè dá òun dùbúlẹ̀ fún oṣù kan. N kò ní ohun tí mo lè fi lé kòkòrò náà jáde. Àmọ́ bí oúnjẹ rẹ̀ bá mọ́, tí omi rẹ̀ mọ́, yóò pẹ́ láyé jù báyìí lọ. Oúnjẹ àti omi, ìwọ ni o mọ̀ ọ́n."

Bí mo ṣe dé iwájú ìkòkò Màmá Ẹlẹ́kọ, ìyá tísà náà, nìyẹn.

Tísà Fúnmiláyọ̀ wà ní pálọ̀, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì ni, eegun èjìká rẹ̀ ti yọ lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó wo kakí mi láti òkè dé ilẹ̀.

"Sístà Bọ́lá mà gbọ́n o," ló wí. "Ó rán ọlọ́pàá oúnjẹ sí mi."

Mo rẹ́rìn-ín, àyà mi sì rọ̀ díẹ̀. Èdè Idogun yàtọ̀ sí ti Ọ̀wọ̀, nítorí náà Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ ni a fi bára wa sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wo ilé ìdáná wọn.

Ilé ìdáná náà mọ́ ní ojú lásán. Odò ni wọ́n ti ń pọn omi, wọ́n sì ń dà á sínú àmù láìsè é. Ife kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń bù ú, bí wọ́n bá sì ti ń bù ú, ìka wọn ń wọ inú omi. Adìyẹ ń rìn gba abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ẹran tútù, òun náà ni wọ́n kàn fi aṣọ nù tí wọ́n fi gé tòmátò. Ọbẹ̀ àná wà lẹ́bàá ààrò, wọ́n kàn ń gbé e kaná títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́ fún oúnjẹ òòjọ́.

Ohun tí mo kọ́ Màmá lọ́jọ́ yẹn kò ṣòro. Mo ní kí omi tí ọmọ rẹ̀ yóò mu hó dáadáa, kí ó tutù nínú ohun èlò tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì dé, kí wọ́n máa fi ìgbakọ ọlọ́rùn gígùn bù ú. Mo ní kí ọṣẹ má wọ́n lẹ́bàá ṣáláńgá, kí ẹni tó bá fẹ́ dáná kọ́kọ́ fọ ọwọ́ sí omi tó ń ṣàn láti inú kẹ́tùlù, kì í ṣe inú abọ́ tí ẹni mẹ́ta ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Ẹran ní láti jinná débi tí ẹ̀jẹ̀ kò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun. Ọbẹ̀ àná gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí ó tó kan ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti pé ọjọ́ méjì, kí àwọn tó lágbára jẹ ẹ́ tán tàbí kí wọ́n dà á nù. Màmá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

Ká ní mo lọ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ì bá dára. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Agolo ọ̀dà pupa kékeré kan wà nínú àpò mi, èyí tí a fi ń kọ nǹkan sára ògiri kànga tí omi rẹ̀ kò dára. Mo mú àwo Fúnmiláyọ̀, ife rẹ̀ àti ṣíbí rẹ̀, mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ìdí wọn.

Mo ní, "Ìwọ̀nyí, tirẹ̀ nìkan ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n jẹun."

Èrò mi ni pé kí ohun èlò rẹ̀ máa wà ní mímọ́, kí ọwọ́ onídọ̀tí má kàn án. N kò sọ èyí jáde. Ó hàn sí èmi, mo sì rò pé ó hàn sí gbogbo ènìyàn. Fúnmiláyọ̀ wo ìlà pupa náà, ó wo mí, ó sì yí ojú sí ògiri. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó ráyè padà. Láti ojú títì ni mo ti rí i pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ. Iwájú ilé dá. Kò sí iná, kò sí ìkòkò ẹ̀kọ, Màmá sì jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí. Káyọ̀dé ló pàdé mi.

"Ẹ ti dé," ló wí. "Àbí ẹ fẹ́ kun ilé náà lọ́tẹ̀ yìí?"

Wọ́n ti sá àwọn àwo náà síta kí oòrùn gbẹ wọ́n, aládùúgbò kan sì rí ìdí wọn. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí ọ̀dà pupa wolé-wolé túmọ̀ sí lára kànga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Ẹni kan ò tún ra àkàrà tàbí ẹ̀kọ lọ́wọ́ Màmá mọ́, iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ méjì nìyẹn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ará ilé náà gan-an ti bẹ̀rù. Wọ́n ti gbé ibùsùn Fúnmiláyọ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń kó iṣu sí, Káyọ̀dé sì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì pè é.

Mo wọlé lọ bá a. Ó jókòó sórí ibùsùn, òórùn iṣu kún ibẹ̀.

"Ìgbẹ́ náà ti dín kù," ló wí, bí ẹni pé ó fẹ́ kọ́kọ́ fún mi ní ohun tó dára. "Ìyá Wolé-wolé, èmi ni ẹ wá dáàbò bò lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Ní báyìí, àwọn ló ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ mi."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ Màmá, mo bẹ Káyọ̀dé, mo gun alùpùpù, mo sì lọ. N kò lè jókòó sí ọ́fíìsì. Mo lọ sí ọjà kan láti wo àwọn alápatà, n kò rí ohunkóhun tí mo wò. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, mo yí alùpùpù padà láìsọ̀ kalẹ̀, ó di Ọ̀wọ̀, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ajíbádé tó ti fẹ̀yìn tì.

Ó ń bó ọsàn lábẹ́ igi nígbà tí mo dé. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, láìdárúkọ ìlú. Ó gbọ́ ọ tán.

"Nígbà tí o da ọbẹ̀ onírẹsì yẹn nù, ta ló rí ọ?"

"Gbogbo oníbàárà rẹ̀, sà."

"Nígbà tí o lọ bẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Òun nìkan ni."

"Kò tó," ló wí. "Ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kì í tún ohun tí a bà jẹ́ ní gbangba ṣe. Mi ò sọ fún ọ nígbà náà nítorí pé o ṣì kéré."

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ tún un ṣe ní gbangba? Bí mo bá dúró sí ọjà Idogun tí mo ní HIV kì í gba inú àwo ranni, mo ti fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ń ṣe ọmọbìnrin náà. Ọ̀rọ̀ náà ń gbé mi dìde, ó ń gbé mi jókòó. Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ bi Fúnmiláyọ̀ léèrè ohun tó fẹ́ kí n ṣe.

"Ẹ má bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀ rárá," ló wí. "Ẹ jẹun. Àwọn ará ilé mi nìkan ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

A pe Màmá àti Káyọ̀dé jọ. Pẹ̀lú àṣẹ Fúnmiláyọ̀, mo sọ ohun tí Sístà Bọ́lá sọ fún mi: pé ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ ni kòkòrò náà ń gbà, pé kì í gba àwo, kì í gba òógùn, kì í gba ìdìmọ́ra. Mo sọ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo fi abẹ ha ọ̀dà náà kúrò lójú wọn títí ìdí àwo fi funfun. Màmá gún iyán. Èmi àti Fúnmiláyọ̀ jọ fọ ọwọ́, a sì jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà. Ó fi eyín gé ẹran sí méjì, ó na ìdajì sí mi, ó ń wò mí bí tísà tó fún ọmọ ní ìṣirò. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Káyọ̀dé dìde, ó jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó gbé ibùsùn àbúrò rẹ̀ padà sí yàrá tó wà tẹ́lẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀. Ó kàn gbé e ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà Idogun, àti ọjọ́ mìíràn tí iṣẹ́ bá gbé mi gba ibẹ̀, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì Màmá Ẹlẹ́kọ nínú kakí mi, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú àmì ìjọba, mo ń jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ. N kì í yára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wolé-wolé ti di jẹun-jẹun. Kakí mi bẹ̀rẹ̀ sí í há ní ìbàdí. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń wò mí, wọn kò yà. Ọjọ́ mìíràn, èmi nìkan ni oníbàárà ìyá náà, yóò sì kó ìyókù wọlé. Ojú a máa tì mí.

Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ dúró. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí agbada àkàrà.

"Ìyá Wolé-wolé, ṣé ẹ ti yẹ oúnjẹ ibí wò?"

"Láti ìdí ìkòkò, Bàbá."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń da ti gbogbo ayé nù?"

"Èmi náà ni. N kò rí ibi tó mọ́ tó ibí ní gbogbo agbègbè Ọ̀sẹ̀." Òtítọ́ sì ni. Màmá ti ń se omi, ó ti ń fọ ọwọ́, ó ti lé adìyẹ jáde.

Bàbá náà jókòó tì mí, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ fún òun. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Nígbà tó yá, Fúnmiláyọ̀ jáde wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń bá a fi ewé pọ́n ẹ̀kọ.

Mo rò pé a ti bọ́. Àfi bí ìgbẹ́ gbuuru náà ṣe tún dé. Wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ Sístà Bọ́lá, ó gbẹ bí ẹja. N kò mọ ohun tí ojú mi kò rí. Mo tún omi wò, mo tún ọ̀bẹ wò, mo yọ imú sínú gbogbo ìkòkò. Kò sí. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo lọ sí Idogun ní ìdájí láìsọ fún wọn, kí n lè rí bí ilé náà ṣe ń jí.

Mo bá Màmá ní ilé ìdáná. Ó fọ́ ẹyin tútù méjì sínú ife, ó da mílíìkì agolo sí i, ó sì ń pò ó tìfẹ́tìfẹ́.

"Ta lẹ fẹ́ fún, Màmá?"

"Fúnmi ni. Láràárọ̀ ni mo ń fún un, kó tó jẹ ohunkóhun. Ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ènìyàn. Láti ìgbà tó ti padà wálé sọ́dọ̀ mi ni." Ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Ẹyin adìyẹ mi ni. Èmi kì í tà wọ́n mọ́, òun nìkan ni mo ń kó wọn pa mọ́ fún."

Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Mo ní ẹyin náà dára, iná nìkan ni kò rí. Pé ohun tó lè da inú rú wà lára ẹyin tútù, ara tó le lè bá a jà, àmọ́ ara ọmọ rẹ̀ kò lè bá a jà. Ó gbọ́ mi tán.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi fún un."

Fúnmiláyọ̀ ti dúró lẹ́yìn wa, ó di ara ilẹ̀kùn mú. "Màmi, ẹ̀yin lẹ bọ́ mi dé ibi tí mo dé yìí," ló wí. "Ẹ sè é fún mi. Ẹ jẹ́ kí ó le dáadáa."

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo ti yẹ ìkòkò wò, mo ti yẹ omi wò, n kò bi Fúnmiláyọ̀ léèrè rí pé kí ni ó máa ń kọ́kọ́ kan ẹnu rẹ̀ láàárọ̀. Ìfẹ́ ìyá kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi láti yẹ̀ wò.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Kò sanra púpọ̀, ṣùgbọ́n eegun èjìká rẹ̀ bò. Kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba mọ́, àmọ́ kò lè ṣe kí ó má kọ́ ènìyàn. Lọ́jọ́bọ̀, ó máa ń tẹ̀lé mi lọ sí ọ̀dọ̀ Sístà Bọ́lá, yóò jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tí èmi yóò fi ìdajì wákàtí sọ, òun a sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. "Ẹyin tó ń ṣàn, ẹ má jẹ ẹ́." "Ẹ bó ọsàn yín fúnra yín, pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ ti fọ̀." Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ nípa iṣẹ́ mi, n kò rí i nínú ìwé kankan.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àlàbá ní Imeri. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kòkòrò náà sì wà lára òun náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti sá fún un, ìyàwó rẹ̀ ti lọ, òun nìkan ló kù nínú ilé, kò sì jẹ nǹkan kan ju gààrì inú omi tútù lọ. Fúnmiláyọ̀ wo iṣu tó kún abà rẹ̀, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sè é.

"Mo ti ń gbin iṣu ju ọgbọ̀n ọdún lọ," ọkùnrin náà wí. "N kò sè é rí. Obìnrin ló ń sè é."

"Ẹ̀yin ni obìnrin náà báyìí, Bàbá," Fúnmiláyọ̀ wí. "Ẹ mú ọ̀bẹ."

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ẹtì lọ́jọ́ Ẹtì ni a ń lọ. Ó kọ́kọ́ jó iṣu, ó sì tún sè é láìjinná. Fúnmiláyọ̀ kò bínú sí i. Ó máa ń mú ọwọ́ rẹ̀ síbi kẹ́tùlù, yóò fi ọṣẹ sí i, yóò kà á dé ogún fún un bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọkùnrin náà ti ń dáná fún ara rẹ̀, ó sì ti padà sí oko tó wà nítòsí.

Fúnmiláyọ̀ lò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn. Ikọ́ ló mú un níkẹyìn, kì í ṣe inú. Ní ilé ìwòsàn, ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ikú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi tí mo fi ní láti tẹ̀ ba.

"Ọjọ́ Ẹtì," ló wí. "Mo ṣèlérí fún Bàbá Imeri pé ẹ̀fọ́ la ó ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ó máa retí lásán."

Ó kú ní Ọjọ́rú. A sin ín ní ọjọ́bọ̀. Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló mọ sàréè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá, mo sì rí àwọn tó ti ń jìnnà sí ilé náà nígbà kan tí wọ́n jókòó ti Màmá, tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gun alùpùpù lọ sí Imeri. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo dúró lọ́nà, tí mo fẹ́ yí padà. Nígbà tí mo dé, Bàbá Àlàbá ti gbé àga méjì síta. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó já láti oko wà nínú agbọ̀n, omi tó ti sè ń tutù nínú ìkòkò tó dé. Ó wo ẹ̀yìn mi lórí alùpùpù.

"Tísà ńkọ́?"

Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga kejì. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi kẹ́tùlù, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á lábẹ́ ẹnu. Ó jókòó, ó gbé abọ́ omi sórí ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan ẹ̀fọ́ náà nínú rẹ̀ ní ewé kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn.

Nígbà tó parí, ó na agbọ̀n náà sí mi. "Ṣé ó mọ́?"

Mo wò ó dáadáa, bí iṣẹ́ mi ṣe kọ́ mi. "Ó mọ́, Bàbá."

Ó mi orí. Ó da omi náà nù, ó bu òmíràn, ó sì kó ẹ̀fọ́ náà padà sínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n tún un ṣe," ló wí. "Tísà kì í gba ẹ̀ẹ̀kan."